Omi, Ajílẹ̀ àti Ìrẹsì Ọ̀fadà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìtàn ìrẹsì ni a ó fi tú òwe yìí lórí ètò wa ti òní. Irúgbìn ni ààrò kìn-ín-ní, omi ni èkejì, ajílẹ̀ sì ni ẹ̀kẹta. Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi da ajílẹ̀ sí oko, tí ìkórè kò sì pọ̀ tó bí wọ́n ti retí?

Ẹni tí ń gbé Ayọ̀bọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ilẹ̀ Èkó ti fẹnu ko ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè rò pé ọ̀rọ̀ oko ìrẹsì jìnnà sí òun. Kò jìnnà rárá. Ọ̀fadà, ìlú tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì tí a máa ń dì sínú ewé, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Odò Ògùn ń gba agbègbè náà kọjá, omi odò yìí kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ omi Èkó ń fà fún ará ìlú.

Òjò ni àwọn baba wa gbójú lé láti gbin ìrẹsì Ọ̀fadà. Irúgbìn náà ga, ó sì fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bu ajílẹ̀ rẹpẹtẹ sí i, á tún ga sí i, ṣírí á wúwo lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì wó lulẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó di hóró ti di pòròpórò.

Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Philippines gbé irúgbìn kan jáde tí wọ́n pè ní IR8. Kúkúrú ni, igi rẹ̀ sì le. Nínú oko ìdánwò, ó so tó tọ́ọ̀nù 5 lórí hẹ́kítà kan láìsí ajílẹ̀; nígbà tí omi àti ajílẹ̀ pé, ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 10. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ omi wò. Nínú ilẹ̀ tí omi bò, ọ́síjìn kò rí àyè wọlé, nítorí náà náítírójìn inú ajílẹ̀ ń dúró ní irú èyí tí gbòǹgbò ìrẹsì lè mu. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí òjò sì tún rọ̀ sí i, náítírójìn náà á yí padà. Àgbàrá á gbé òmíràn lọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì sọ òmíràn di afẹ́fẹ́. Bí ọ̀dá bá sì dá nígbà tí ìrẹsì ń tanná, èèpo òfìfo ni ṣírí yóò gbé. Owó ajílẹ̀ ti wọgbó nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀, tí a sì ń ta ajílẹ̀ fún àgbẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ọdún náà gan-an ni wọ́n dá àjọ tí ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ajílẹ̀ yá ju ti omi lọ. Ọdún 1983 ni wọ́n tó ṣí ìsédò Ọ̀yán. Wọ́n rò ó pé yóò lè bomi rin nǹkan bí 3,000 hẹ́kítà ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn, ṣùgbọ́n pípèsè omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Omi ń kọjá lọ sí ẹ̀rọ ìlú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ọ̀fadà ṣì ń wojú òjò.

Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé láti ọdún 1985 sí 1995, oko ìrẹsì gbòòrò jákèjádò Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìkórè orí hẹ́kítà kan kò fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Òfin lè sọ ìrẹsì di ọ̀wọ́n. Kò lè bomi rin oko.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a tọ́jú omi kí a tó pín ajílẹ̀, kí a sì wá irúgbìn tí yóò lè gbé e. Kí àgbẹ̀ má ṣe da ajílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: díẹ̀ nígbà tí ìrẹsì ń ta ẹ̀ka, díẹ̀ kí ó tó yọ ṣírí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá tún bu omi ẹ̀rọ mu ní Èkó, ẹ rántí pé oko kan wà lẹ́bàá odò yẹn tí òùngbẹ ń gbẹ.