Bẹ́ǹsì dúdú tó wà l'Óníkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya fọ́tò ọkọ̀ àtijọ́, ẹ wá gbọ́ 🧵

Ọmọ Ẹdẹ ni mí, àmọ́ ọkọ̀ tí mi ò lè yà bí mo ṣe ń ya tàwọn yòókù, Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan l'Ékòó ló wà. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì, 1976. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú un n'Íkòyí, kò gbé ẹ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ dání. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Dimka da ìbọn bo ọkọ̀ náà. Akíntúndé Akinṣẹ̀hìnwà, ADC ẹ̀, bá a lọ. Ihò ọta ṣì wà lára Bẹ́ǹsì yẹn.

Ibi tó ti kàn wá l'Ẹ́dẹ rèé: ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ló kéde ìpínlẹ̀ tuntun 7. Wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, a bọ́ sí Ọ̀yọ́; 1991 la tó di Ọ̀ṣun.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "vintage vibes" sábẹ́ ẹ̀. Ihò ọta yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Ojú Murtala wà lórí 20 náírà. Ta ló mọ ojú Akíntúndé?