Ohun Tó Kù Nínú Hard Disk Tòkunbọ̀

Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ kan jáde ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n pè ní RAMAC. Àpótí tí ẹ̀rọ yìí ń kó ìwé pamọ́ sí tóbi tó fíríìjì ńlá méjì, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gbogbo wọn sì ń yí bírí lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Pẹ̀lú gbogbo gìrìgìrì yẹn, lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yín yà lánàá lè má wọ inú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni hard disk ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń kéré sí i, ikùn rẹ̀ sì ń tóbi sí i. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Seagate lónìí ṣe èyí tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, mẹ́gábáìtì márùn-ún. Ní 1988, PrairieTek ṣe èyí tí ìbú àwo rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjì ààbọ̀, ìwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ laptop títí di àìpẹ́ yìí. Ọdún yẹn kan náà ni Albert Fert ní Faransé àti Peter Grünberg ní Jámánì, tí kálukú ń ṣe tiẹ̀, rí ìwà kan lára irin òòfà tó jẹ́ kí a lè máa ka àmì tó kéré jọjọ. Ẹ̀bùn Nobel 2007 ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí gíramafóònù àtijọ́: àwo ń yí, abẹ́rẹ́ ń kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé abẹ́rẹ́ ti hard disk kì í kan àwo. Ńṣe ló ń léfòó lókè rẹ̀, ààyè tó wà láàárín wọn kò ju ìwọ̀nba ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù mílímítà lọ. Àwo yẹn sì ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì tú u wò lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ títì, eruku kan ṣoṣo ti tó láti bà á jẹ́.

Kí ló kan Igbódìgò nínú èyí? Igbódìgò wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ọba fi di ìtàn ní ọ̀pọ̀ ìlú tó wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gba aráyé là, iná rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ẹni ń jó. Òjò pọ̀, ọ̀rinrin pọ̀. Àwọn ará Èkó ní tí laptop bá mu omi kí a rì í sínú ìrẹsì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ní kí a gbé e sórí àjà bíi púpurú, kí èéfín gbẹ ẹ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì.)

Tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn laptop wọ̀nyí. Ẹ wo orúkọ yẹn ná. Ọmọ tí a bí sókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, là ń pè ní Tòkunbọ̀. Nígbà tó yá, a fi orúkọ ọmọ ènìyàn pe mọ́tò, a fi pe fíríìjì, a fi pe kọ̀ǹpútà. Mo rò pé orúkọ náà bá kọ̀ǹpútà mu ju gbogbo ẹrù yòókù lọ, nítorí ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀ máa ń gbé ìrántí ibẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Igbódìgò tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Fún ọdún bíi mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, tí wọ́n ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀: bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe dé, ibi tí ààlà oko wà, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà ọdún láyé àtijọ́. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Tí fóònù bá kún, Tíṣà á kó gbogbo rẹ̀ sínú laptop, wọ́n á sì pa ti orí fóònù rẹ́. Mẹ́rin nínú àwọn àgbà yẹn ti re ibi àgbà ń rè. Ló bá di ọjọ́ kan, laptop kọ̀, kò tàn mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kò ṣòro, ó fọ́máàtì hard disk, ó fi Windows tuntun sí i, ó gbowó rẹ̀. Laptop tàn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ni mò ń tìtorí rẹ̀ pè ọ́ o, ọmọ mi," Tíṣà sọ fún mi lórí fóònù. "Ohùn àwọn bàbá yẹn ni."

Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n má tàn án mọ́ títí màá fi dé. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í pa nǹkan rẹ́ bí a ṣe rò. Ní ayé DOS, tí ẹ bá ní kó pa fáìlì kan rẹ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ fáìlì náà nìkan ló máa ń yí padà nínú ìwé orúkọ, tó sì máa kéde pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣófo, ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́lé síbẹ̀. Ilé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní ìdúró. Ní 1982 ni Peter Norton lo àṣírí yìí láti ṣe ètò tó ń dá fáìlì padà, ó sì fi dolówó. Fọ́máàtì kíákíá kò yàtọ̀ púpọ̀: ìwé orúkọ tuntun ló ń ṣí, kì í wó ilé. Àmọ́ gbogbo ìṣẹ́jú tí Windows tuntun bá fi ń ṣiṣẹ́, ó lè kọ́lé lórí ohùn bàbá ẹnì kan.

Hard disk kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Columbia já ní oṣù kejì ọdún 2003, hard disk kan tó wà nínú rẹ̀ já láti òkè wá sílẹ̀, iná jó o. Ilé-iṣẹ́ Ontrack yọ ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀ sì jáde ní 2008.

Mo tú laptop Tíṣà, mo yọ hard disk, mo fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi. Ibi kan, ibi kan lórí àwo ti bàjẹ́, ìyẹn ló fà á tí kò fi kọ́kọ́ tàn. Ètò tí mo lò ń jẹ́ ddrescue, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹni tó ń ṣa ẹyìn ló ṣe ń ṣe: á kọ́kọ́ ṣa èyí tó wà ní gbangba, á fo ibi tí ẹ̀gún wà, á sì sàmì síbẹ̀. Tó bá ṣa ìyẹn tán, á padà sídìí ẹ̀gún díẹ̀díẹ̀. Nítorí àmì yẹn, tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, tí bátìrì náà sì kú, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ló gbà.

Ẹ̀dà tí a ṣe yẹn ni mo wá gbé fún PhotoRec. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé orúkọ ti lọ, ilà ojú ni PhotoRec fi ń dá fáìlì mọ̀. Irú fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé Word òde òní, lẹ́tà méjì tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni PK, ìyẹn Phil Katz, ọkùnrin tó dá ZIP sílẹ̀ ní 1989. Orúkọ rẹ̀ wà lójú iṣẹ́ ilé-ìwé tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbí ẹ ò mọ̀?

Fáìlì ohùn 37 jáde. Kò sí èyí tó lórúkọ, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ìwé kò gbọ́ Ìkálẹ̀, nítorí náà Tíṣà àti àwọn àgbà méjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dá ohùn mọ̀. Nígbà mìíràn ikọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kí bàbá náà tó sọ̀rọ̀ rárá. Ohùn kan dún, ìyá àgbà kan tó ń kọjá lọ dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi nìyẹn." Kò wọlé, kò sì lọ, títí ó fi parí. Márùn-ún nínú wọn ò pé. Ọ̀kan gé síbi tí bàbá náà ti fẹ́ dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí apá ibì kan nínú ìlú. Àwọn tó ń du ọ̀rọ̀ yẹn lè máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n PhotoRec kò mọ ti Tíṣà yàtọ̀. Ìwé mìíràn bá wọn jáde, ìwé tí a kọ ní èdè Jámánì, ìwé owó oṣù àti ti ilé ìwòsàn, ti ẹni tó ni laptop náà kí ó tó di tòkunbọ̀. Mi ò kà á kọjá ibi tí mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde lórí Èkó: wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ntẹ́nà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Wọ́n ra hard disk níbẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì British Columbia ra ọ̀kan ní Gánà ní dọ́là 40, wọ́n bá ìwé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2011 ni Nàìjíríà ṣe òfin NESREA lórí ẹrù oníná àlòkù. Májèlé tó wà nínú ẹrù ló ká wọn lára jù. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó sọ laptop rẹ̀ nù ní Jámánì ní ẹ̀tọ́ pé kí ìwé dókítà rẹ̀ má ti Igbódìgò jáde. Mo pa ti Jámánì rẹ́ nínú ẹ̀dà wa, mo sì fi òdo kọ hard disk náà láti orí dé ìdí. Ohun tí a bá kọ nǹkan mìíràn lé lórí báyìí, PhotoRec ò lè rí i mọ́.

Àwọn tòkunbọ̀ tó ń dé báyìí, SSD ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí àwo, kò sí abẹ́rẹ́. Láti ìgbà Windows 7 ní 2009 ni kọ̀ǹpútà ti ń sọ fún SSD pé fáìlì báyìí ti di píparẹ́, SSD á sì gbá ibẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Ká ní SSD ló wà nínú laptop Tíṣà ni, ó ṣeé ṣe kí n má rí ohùn kankan. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ṣe: ọ̀kan wà ní Igbódìgò lọ́dọ̀ Tíṣà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Òkìtìpupa, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi ní Èkó. Tíṣà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bàbá kan ṣì wà tí àwọn ò tíì bá sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ló ti di díẹ̀.