Ètò ìrànwọ́ ìjọba: ta ló tọ́ sí, ta ló ń rí i gbà, kí ló dé tí kì í tọ́jọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ò yẹ ibẹ̀ wò rí. Abala 16 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣètò ìlú lọ́nà tí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yóò fi rí ilé tó dáa gbé, oúnjẹ tó tó jẹ, owó oṣù tó ṣeé gbọ́ bùkátà, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ àti ẹni tára rẹ̀ ò yá, àti ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni o, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ wà nínú ìwé òfin wa.

Ẹ wá ṣí ìwé kan náà padà sí abala 6. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kóòtù kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba mú àwọn ohun tó wà ní Orí Kejì ìwé náà ṣẹ. Inú Orí Kejì yẹn gan-an ni abala 16 wà. Wọ́n ṣèlérí fún wa, wọ́n sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àwọn ò bá mú un ṣẹ, a ò lè pe àwọn lẹ́jọ́. Bẹ́ ẹ bá fi èyí sọ́kàn, á yé yín ìdí tí O-YES fi dé tó sì lọ, tí N-Power náà fi dé tó sì dúró. Ẹ̀bùn ni ìrànwọ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa, kò tíì di ẹ̀tọ́.

Ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, ọrọ̀ ta ni?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ tún ìṣirò GDP ṣe. GDP ni àpapọ̀ iye owó gbogbo ohun tí wọ́n pèsè àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ kan láàárín ọdún kan. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe báyìí ni Nàìjíríà fò kọjá South Africa, tó di orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù ní Áfíríkà, pẹ̀lú bíi bílíọ̀nù 510 dọ́là fún ọdún 2013. Kò sẹ́ni tí kọ́bọ̀ kan lé nínú owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn ka àwọn iṣẹ́ bíi fóònù àti fíìmù tí wọn ò kà dáadáa tẹ́lẹ̀ ni.

Lọ́dún 2017, àjọ Oxfam ro owó àwọn márùn-ún tó lówó jù nílẹ̀ wa pọ̀, ó jẹ́ bílíọ̀nù 29.9 dọ́là. Wọ́n ní owó ọwọ́ àwọn márùn-ún yẹn nìkan tó láti fòpin sí òṣì paraku ní gbogbo Nàìjíríà.

Ó wá ku ìṣirò tó kan àwa ará Ọ̀ṣun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde: tálákà jẹ́ ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà, èèyàn mílíọ̀nù 82.9. Tálákà lójú ìwádìí náà ni ẹni tí ohun tó ń ná lọ́dún kò tó N137,430. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, bíi N376 lójúmọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Sókótó ní ìdá 87.7, Èkó ní 4.5, Ọ̀ṣun wá ní 8.5. Ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù lórílẹ̀-èdè ni tiwa.

Ṣé ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun ṣáájú àkókò yẹn? Láti 2015 títí di 2018, ààbọ̀ owó oṣù ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń san fún òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele 12 sókè, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn tó wà ní ìpele 8 sí 10. Nínú oṣù kẹsàn-án 2018 ni ìwádìí NBS bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gba ààbọ̀ owó ṣe wà lára àwọn tí òṣì kéré sí jù?

Kì í ṣe pé NBS parọ́. Ohun téèyàn ná ni wọ́n ń kà, wọn ò ka owó tó wọlé fún un. Iṣu tẹ́ ẹ gbìn tẹ́ ẹ sì jẹ, wọ́n kà á mọ́ ọn. Èyí tí bùọ̀dá yín fi ránṣẹ́ láti Èkó tàbí láti London, tẹ́ ẹ fi san owó ilé ìwé, wọ́n kà á mọ́ ọn. Lérò tèmi, apá kan nínú ìdá 8.5 yẹn, ẹbí ló ṣe é, kì í ṣe ìjọba. Gbèdéke N376 lójúmọ́ náà sì nìyẹn: ẹni tó ń ná N400 ti kúrò nínú tálákà nìyẹn, ó ti di ẹni tó rọ́wọ́ mú.

Ìṣirò kan náà ló ní Gini Nàìjíríà jẹ́ 35.1. Gini ni wọ́n fi ń wọn àlàfo àárín olówó àti tálákà: òdo túmọ̀ sí pé gbogbo wa dọ́gba, 100 túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀. Ti South Africa jẹ́ 63. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé a dọ́gba jù wọ́n lọ. Ìnáwó ilé náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n níbí. Ilẹ̀, ilé tó wà ní Dubai àti ṣíà ilé iṣẹ́ kì í hàn nínú ìnáwó oúnjẹ, ẹni tó sì lówó jù kì í sábà sí nílé nígbà tí oníwèé ìbéèrè bá kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí NBS yí ìbéèrè padà lọ́dún 2022, tí wọ́n béèrè nípa omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìdáná, ilé ìwé, oúnjẹ àti iṣẹ́, iye náà fò sókè: mílíọ̀nù 133, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Oǹdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kéré jù, bíi 27. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ 40 lẹ́nu ẹnì kan, 63 lẹ́nu ẹlòmíì. Òtítọ́ ni méjèèjì, ìbéèrè ló yàtọ̀.

Ohun tó wà kí ìjọba tó dé

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wá ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1937 sí 1938. Ó kọ nípa bí Yorùbá ṣe ń wo olówó àti òtòṣì, ó sì kọ lọ́tọ̀ nípa èsúsú, èyí tó jáde lọ́dún 1952. Ẹ̀yin náà mọ èsúsú: gbogbo ẹgbẹ́ á dá iye kan náà, ẹnì kan á kó o, títí tó fi máa kárí. Ó yàtọ̀ sí ti alájọ tó ń yí ọjà ká lójoojúmọ́, tó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ sí Odò Ogbè lónìí, méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, àfi pé àwọn kan ti gbé tiwọn sórí fóònù.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn tán. Ìwọ̀fà náà wà. Ẹni tí kò rówó san gbèsè á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó títí tí wọ́n á fi san gbogbo owó náà, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè, èlé lásán ni. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ò lówó, tí kò sì rí ẹgbẹ́ dá, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Ohun tó tóbi jù tí ìjọba kankan tíì ṣe nílẹ̀ Yorùbá fún ọmọ tálákà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ìjọba yẹn ró: ìgbìmọ̀ ọjà ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ìjọba sì ń ná èyí tó ṣẹ́kù. Àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ wà lára àwọn tó san án, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè pé ṣé tálákà ni bàbá ẹ. Gbogbo ọmọ ló wọlé. Nítorí náà, kò rọrùn fún ìjọba tó tẹ̀ lé e láti fagi lé e.

Gómìnà dé, ètò dé. Gómìnà lọ, ètò lọ

Ní Ọ̀ṣun, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gorí oyè ní oṣù kọkànlá 2010. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú O-YES, N10,000 lóṣù. Oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé, O-Meal, tẹ̀ lé e, wọ́n sì yan àwọn arúgbó aláìní tí wọ́n ń fún ní N10,000 lóṣù lábẹ́ Àgbà Ọ̀ṣun. Ní Èkìtì, Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní N5,000 lóṣù lọ́dún 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní Èkìtì lọ́dún 2014, owó náà dúró. Màmá àgbà tó ti ń fi í ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kóòtù tó lè lọ.

Ní South Africa, owó àwọn arúgbó àti owó ọmọdé wà nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, abala 27 ìwé òfin wọn sì kà á sí ẹ̀tọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi dù lè pẹjọ́. Òṣì pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà o, Gini wọn ń bẹ lókè yìí, ṣùgbọ́n ààrẹ tuntun ò lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun ò san mọ́.

Ti ìjọba àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016: N-Power tó ń san N30,000 fún ọ̀dọ́, TraderMoni tó dé lọ́dún 2018, tó ń yá oníṣòwò kékeré ní N10,000, oúnjẹ ilé ìwé, àti N5,000 lóṣù fún ìdílé tó tálákà jù. Owó tí Switzerland dá padà nínú èyí tí Abacha kó lọ, bíi mílíọ̀nù 322 dọ́là, wà lára ohun tí wọ́n fi san N5,000 yẹn láti 2018.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún 2023 dé. Ààrẹ Tinúbú yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti ohun tí kò tó N200 sí ohun tó lé ní N480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó dé N617 ní oṣù keje. Ní oṣù kẹwàá, ìjọba rẹ̀ kéde N25,000 lóṣù fún ìdílé mílíọ̀nù 15, fún oṣù mẹ́ta. Oṣù yẹn náà ni wọ́n dá N-Power dúró. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n ní kí mínísítà tó ń bójú tó ètò náà lọ rọ́kún nílé nítorí mílíọ̀nù 585 náírà tí wọ́n ní kí wọ́n san sínú àkáǹtì ẹnì kan. Ó ní òun ò rú òfin kankan. Wọ́n dá gbogbo ètò yòókù dúró fún ìwádìí. Tálákà tó ń retí N25,000 kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, òun náà ló sì dúró.

Báwo ni orúkọ ṣe ń wọ ìwé?

Wọ́n ń pè é ní National Social Register. Wọn kì í fọwọ́ ara ẹni kọ orúkọ sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún WAEC. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá fi líńkì ránṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á lọ sí àdúgbò, ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n á bi wọ́n pé ta ni tálákà lọ́dọ̀ yín, kí lẹ fi mọ̀ ọ́n? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ, wọ́n á fi wéra. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ sílé ẹni tí wọ́n dárúkọ, wọ́n á wo òrùlé, ilẹ̀ yàrá, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, iye ẹni tó ń gbé ilé náà, ohun ìní. Kọ̀ǹpútà ló máa wá to ìdílé náà sí ipò.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ní abúlé lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó, gbogbo èèyàn mọ ilé tí wọn kì í dáná lálẹ́. Ẹ wá gbé ọgbọ́n yẹn wá sí Sábó tàbí Mayfair. Ta ló máa dárúkọ ayálégbé tó kó dé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tó ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá olówó ṣiṣẹ́, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì ò mọ orúkọ rẹ̀? Ìyẹn ni ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì ní oṣù kìn-ín-ní 2021, Rapid Response Register, tí wọ́n ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àdúgbò tálákà nínú ìlú ńlá. Síbẹ̀, orí ìmọ̀ àdúgbò ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn rúgúdù 2024, wọ́n tún ní ẹni tí kò bá ní NIN kò ní gba owó. Ẹ bá àwọn màmá àgbà ilé yín ṣe é, kẹ́ ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti àkáǹtì wọn mu.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní OAU, ẹ̀yáwó ni NELFUND, kì í ṣe ìrànwọ́. Oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ fásitì, N20,000 lóṣù ń wọ àkáǹtì yín fún jíjẹ mímu, kò sì lélé lórí. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé àdéhùn yín.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tiẹ̀ ti ka àdúgbò rẹ̀, káńsù ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n ní Ifẹ̀: Central àti East wà nínú ìlú, ti North wà ní Ìpetumodù, ti South ní Ìfẹ̀tẹ̀dó. Ẹ má béèrè pé ìgbà wo lowó ń bọ̀, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé àdúgbò yín, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti àwọn tó jókòó níbẹ̀.