Ǹjẹ́ Owó Wà Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́?

Ìbéèrè tí a gbé síwájú ara wa lálẹ́ òní rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn. Bí ènìyàn bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, kí ó gbé e pamọ́, kí ó sì máa retí pé yóò di owó ńlá lọ́jọ́ iwájú?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, tí ó sì gba owó ìfẹ̀yìntì tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà náà ni olùdámọ̀ràn máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan á ní kí ó ra ilẹ̀. Òmíràn á mú un lọ wo Pijó 504 kan tàbí Mẹ̀sí àtijọ́ kan, á ní irú rẹ̀ kò sí mọ́, pé bí ó ti ń pẹ́ sí i ni owó rẹ̀ yóò máa gun òkè. Olùkọ́ tí ó bá gba ìmọ̀ràn náà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, kò ní rí irú owó yẹn gbà mọ́ láyé.

Ìròyìn òkèèrè ni ó sábà máa ń ti irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ 2018, ní Monterey ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n ta ọkọ̀ Ferrari 250 GTO kan tí a ṣe ní 1962 ní gbàǹjo, ó sì gba mílíọ̀nù 48.4 dọ́là. Ní oṣù karùn-ún 2022, Mercedes-Benz 300 SLR kan tí a ṣe ní 1955 gba mílíọ̀nù 135 owó Yúróò ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì. (Gbàǹjo tiwọn kì í ṣe gbàǹjo tiwa, níbi tí owó ọjà ti máa ń já wálẹ̀.) Òtítọ́ ni ìròyìn wọ̀nyí. Ohun tí a ní láti wádìí ni bí wọ́n bá kan ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní agboolé wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè ohun tí ọkọ̀ jẹ́ fún àwọn baba wa. Ní 1906 ni ọ̀nà mọ́tò ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Ìlobù kò jìnnà sí Òṣogbo, ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó wà, Ifọ́n sì wà nítòsí rẹ̀. Orí ènìyàn ni ẹrù oko kọ́kọ́ ń gbà dé ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tí mọ́tò akẹ́rù dé, tí ó ń ti ìlú kékeré dé ìlú kékeré, ó gba ẹrù lórí àwọn aláàárù, ẹni tí ó ni mọ́tò sì ń gba owó ní lílọ, ó ń gbà ní bíbọ̀. Èrè inú ọkọ̀ nìyẹn: iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣáájú ìgbà náà, ẹṣin ni ọlọ́lá fi ń ṣe ọlá, kò sì sí ẹni tí ó ń ra arúgbó ẹṣin pamọ́ kí ó lè di owó.

Bí a bá wo àwọn tí mọ́tò sọ di ọlọ́rọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà. Kí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí tó di Ọọ̀ni ní 1930, iṣẹ́ rélùwéè ni ó ti kọ́kọ́ ṣe. Ó fi í sílẹ̀, ó di oníṣòwò, ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà sì wà nínú òwò rẹ̀. Louis Odumegwu Ojukwu, baba Ojukwu tí ó di olórí Biafra, fi ọkọ̀ akẹ́rù di ọ̀kan nínú àwọn tí ó lówó jù ní Nàìjíríà kí ó tó kú ní 1966. Òun náà ni wọ́n ní ó yá ìjọba ní Rolls-Royce rẹ̀ nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth bẹ̀ wá wò ní 1956. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rántí Rolls-Royce náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ra Rolls-Royce. Rolls-Royce kò ra ọkọ̀ akẹ́rù kankan. Bọ̀lẹ́kájà pẹ̀lú, tí wọ́n ń kó ìdí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn káfíńtà wa sì ń fi pákó kan ilé lé e lórí, iṣẹ́ ni wọ́n fi í ṣe títí ó fi túká. Ó ṣòro láti rí ọ̀kan lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó dijú owó láti fi tọ́jú ọ̀kan fún wa.

Níbo wá ni èrò pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àpò owó ti wọlé? Èmi gbà pé láàrin 1975 sí 1990 ni. Ní oṣù kìíní 1975 ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ ní owó láti ra ọkọ̀. Báyìí ni Ìjàpá àti Pijó ṣe dé ẹnu ọ̀nà àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé tí baba wọn kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó ń ronú àtitọ́jú wọn di àtijọ́. Iyì ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i.

Ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní 1985, ní ìpíndọ́gba, 89 kọ́bọ̀ ni dọ́là kan. Ní 1989, ó ti di ₦7.39. Ọkọ̀ tuntun fò kọjá agbára olówó oṣù, gbogbo ènìyàn sì dojú kọ àlòkù. Ẹni tí ó ti lo ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rin wá rí i pé iye tí wọ́n fẹ́ fi rà á lọ́wọ́ òun ju iye tí òun fi rà á ní tuntun lọ. Ẹ ò rí i pé ó jọ iṣẹ́ ìyanu!

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò yín. Ká ní olùkọ́ kan ra ọkọ̀ ní ₦5,000 ní 1985, tí ó sì tà á ní ₦20,000 ní 1989. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó rẹ̀ fi pọ̀ sí i lójú. Ṣùgbọ́n ₦5,000 ti 1985 tó nǹkan bí $5,600. ₦20,000 ti 1989 kò ju nǹkan bí $2,700 lọ. Ó ti pàdánù ju ìdajì lọ, kò sì mọ̀, nítorí pé náírà ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n náà gan-an ni ó sì ń sún kì.

Ẹnìkan nínú wa tí a jọ jókòó yìí ti ń mi orí, mo sì mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ bi mí pé, bí ó bá fi owó náà sí bánkì ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Bí bánkì bá ń fi ₦12 lé orí ₦100 lọ́dọọdún, ₦5,000 yóò di nǹkan bí ₦7,870 ní ọdún kẹrin, èyí tí kò ju $1,065 lọ ní 1989. Nítorí náà ọkọ̀ sàn ju bánkì lọ, èmi kò jiyàn rẹ̀. Yìnyín méjì ni wọ́n gbé sínú oòrùn. Ọ̀kan tètè yọ́, èkejì yọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí wọ́n rí èyí tí ó pẹ́ kí ó tó yọ́ ni wọ́n sọ pé ó ń dàgbà.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ Ìlobù àti Ifọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti fa omijé níbẹ̀ ju ìgbà kan lọ. N kò ní sọ pé ilẹ̀ kò ní ewu tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òkèèrè. Kí ni ó mú Mercedes ti 1955 náà wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Méjì péré ni wọ́n ṣe nínú irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ni ó sì tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìjàpá tiwa ńkọ́? Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí èyí tí ó gbẹ̀yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù keje 2003. Pípẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń mú ọkọ̀ wọ́n. Àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ gbọ́dọ̀ wà tí wọn yóò máa du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kódà ní ilẹ̀ wọn, owó ọkọ̀ àtijọ́ gun òkè gan-an ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì wó lulẹ̀ ní nǹkan bí 1990; ọ̀pọ̀ tí ó fi owó yíyá rà á jẹ gbèsè.

Nílé níhìn-ín, ta ni yóò rà á? Mẹkáníìkì ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀, oníṣòwò irin ń wá irin rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Ọkọ̀ tí a ń lò ń gbó, èyí tí a gbé sílẹ̀ ń dípẹtà lábẹ́ òjò, owó ìtọ́jú sì wà lórí méjèèjì.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà ní Nàìjíríà tí ó ní gbogbo ohun tí àwọn ará òkèèrè ń wá. Mercedes-Benz dúdú ni, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, Èkó. Inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976, ojú ọta sì ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, gbogbo ayé ni ó sì mọ ìtàn rẹ̀. Kò sí fún títà.

Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tún jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ni ìṣirò ti 1989 ti padà dé. Ní ìparí 2020, nǹkan bí ₦380 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba; ní ìparí 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tí ó bá ra tòkunbọ̀ ní ₦2,000,000 nígbà náà, tí wọ́n sì fi ₦5,000,000 lọ̀ ọ́ ní ìparí 2024, ti ń dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú pé owó wà nínú ọkọ̀. Iye tí ó san tó nǹkan bí $5,260. Iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kò ju $3,330 lọ.