Láti Ọjà Àpòmù dé Orí Fóònù: Ta Ló Ń Bá Wa Kà Á?

Ọ̀rọ̀ ọjà wà lára ohun tó fọ́ ìlú Òwu àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, Àpòmù ni ọjà ńlá tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn kan ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà níbẹ̀, ni àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ bá ní kí Olówu bá àwọn dá a dúró. Ó dá a dúró lóòótọ́, àmọ́ ogun ló fi dá a dúró: ó pa Àpòmù run pẹ̀lú àwọn ìlú míì tó jẹ́ ti Ifẹ̀. Inú ń bí Ifẹ̀ lọ báyìí. Nígbà tó yá, ìjà tún bẹ́ lọ́jà. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, sọ pé ataare ló fà á: ará Ìjẹ̀bú ló ń tà á, ará Òwu ló fẹ́ rà á, ó kà á, ó ní kò pé iye. Ataare lásán! Bí Ìjẹ̀bú ṣe dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé náà sì bá wọn kún un, tí wọ́n dó ti Òwu títí ó fi ṣubú.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Ta ló ń kà á kó pé fún ẹni tó ń rajà? Ta ló mú ọ̀pá àṣẹ ọjà lọ́wọ́, báwo ló sì ṣe ń lò ó? Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè méjèèjì wá sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè má mọ NITEL. Ọdún 1985 ni ìjọba dá a sílẹ̀, òun nìkan ló sì ń ta ọjà náà. Kí ọdún 2001 tó dé, ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà, tí èèyàn ibẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ, kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ẹlòmíràn á kọ̀wé béèrè fún ìlà, á retí títí, ọ̀rọ̀ náà á sú u. Níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tajà, ta lẹ fẹ́ fi sùn?

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC, tí òfin 1992 dá sílẹ̀ láti máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo l'Ábújá. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ìkọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet sanwó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà. Econet yìí ló pààrọ̀ orúkọ títí tó fi di Airtel. Inú gbogbo wa dùn, àbí? Ó dùn o, ṣùgbọ́n síìmù kan ń lọ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ ₦50. Bó o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, ₦50. Bó o bá lo ìṣẹ́jú kan, tó o fi ìṣẹ́jú-àáyá kan lé e, ₦100. Ataare kò pé iye, wọ́n sì ń gba owó odindi! Fífi fóònù ṣe fíláàṣì kì í ṣe ahun nígbà yẹn, ọgbọ́n ni.

A ní kí wọ́n máa gbowó bí a bá ṣe sọ̀rọ̀ tó, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Globacom wọ ọjà, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi ń ka owó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò pẹ́, ohun tí kò ṣeé ṣe ti ṣeé ṣe fún gbogbo wọn. Ohun tí ìdíje lè ṣe nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó gọbọi àti iṣẹ́ tí kò dára. Wọn ò ju òkúta, wọn ò sun táyà. Wọ́n kàn ní, "Ẹ gba fóònù yín, a ò pè lónìí." Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ iléèwé ní ìtàn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àṣẹ wá kù. Ní 2015, NCC bu owó ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé MTN nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní 2016 wọ́n jọ dúnàádúrà rẹ̀ wá sí ₦330 bílíọ̀nù. Ní oṣù keje 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ àkànṣe fọwọ́ sí i ní 2025. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2025 yẹn, NCC tún gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdajì kún owó ìpè àti dátà. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní owó epo díísù àti dọ́là ń pa àwọn, irọ́ kọ́. Àmọ́ ta ló ń ka dátà tiwa? Ataare ṣeé kó sílẹ̀ kà lójú gbogbo ọjà. Dátà ò ṣeé kà lójú, ẹni tó ń tà á náà ló ń sọ iye tó kù fún wa.

Èrò tèmi nìyí. Ìdíje ló lé NITEL kúrò lórí ìtẹ́, òun ló sì fún wa ní owó ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n ibi tí oníbàárà bá pọ̀ sí ni ìdíje máa ń sáré lọ, kì í fẹ́ wọ oko. Lónìí, MTN àti Airtel ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wa, nítorí náà ìdíje nìkan ò tó mọ́. A nílò alákòóso tó máa bá wa ka dátà, tó sì máa jẹ́ kí owó ìtanràn kan èèyàn tó ń sanwó ní Ararọ̀mí-Òwu. Kó má fi ọ̀pá àṣẹ fọ́ ọjà bíi ti Olówu, kó má sì gbé e kọ́ ara ògiri. Àwa náà, ká máa kà á. Ẹni tí kì í ka ọjà tó rà, ṣé ó máa mọ̀ tí kò bá pé?