Kí ló ń gbé akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì lọ sí NFL?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé o, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó rí bí ẹyin ni. Ẹni tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù là ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ẹni tó ń kọ́ni títí a ó fi mọ̀ ọ́n gbá.

Ní Amẹ́ríkà, akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì lè dà bí ọba. Kí ló wá dé tí irú ọba bẹ́ẹ̀ fi ń kúrò lórí oyè lọ sí NFL, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù jẹun?

Ọ̀pọ̀ á ní owó ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Steve Spurrier, tó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Florida ní sáà 1996, bá ẹgbẹ́ Washington ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ọdún 5 ní 2002. (Ọdún 2 péré ló lò. Nínú eré 32, 12 ló borí.) Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀bẹ̀ ń kọ́? Akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ní láti máa ti ilé dé ilé, kó jókòó sí pálọ̀ òbí, kó máa bẹ ọmọ ọdún 17 pé kó wá sí iléèwé òun. Ní NFL, yíyàn ni wọ́n ń yan ọmọ tuntun, ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn ló sì ń kọ́kọ́ yan. Draft ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo Jimmy Johnson, tó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú yunifásítì Miami ní sáà 1987. Ní 1989, Jerry Jones, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Arkansas, ra Dallas Cowboys, ó sì pè é. Lọ́dún àkọ́kọ́, nínú eré 16, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n borí! Ṣùgbọ́n ó fi Herschel Walker, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, ṣe pàṣípààrọ̀, ó fi gba àǹfààní láti yan ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun. Wọ́n gba Super Bowl ní 1993 àti 1994.

Ti Nick Saban kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kúrò ní LSU lọ sí Miami Dolphins ní 2005. Ní 2006, ó fẹ́ mú Drew Brees, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn dókítà kò balẹ̀ lórí èjìká rẹ̀. Brees gba New Orleans lọ, ó sì gba Super Bowl níbẹ̀ ní 2010. Saban padà sí yunifásítì ní 2007: Alabama, mílíọ̀nù 32 dọ́là fún ọdún 8. Ẹ ò rí i pé owó wà ní yunifásítì náà?

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jókòó sí pálọ̀ yín lè ti lọ kí ọdún tó yí po. Nígbà yẹn, bí ọmọ náà bá fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn, ó sábà máa ń jókòó fún ọdún kan láìgbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá lè lọ, ọmọ ò lè lọ. Ọdún 2021 ni èyí yí padà: ọmọ lè kó ẹrù rẹ̀ láìjókòó, ó sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ pa owó.

Ẹ wá wò ó, ẹ̀bẹ̀ wá di ọdọọdún. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ wọlé, wọ́n tún ní láti bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ní 2024, Jeff Hafley, ọ̀gá pátápátá ní Boston College, fi ipò sílẹ̀ lọ ṣe igbákejì ní Green Bay Packers, ẹ̀yìn nìkan ló ń bójú tó níbẹ̀, àwọn tó ń dí ọ̀nà mọ́ alátakò.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi Yorùbá dá bàbá tàbí ìyá yín lóhùn: ká ní ẹ̀yin ni Saban, ṣé ẹ ó dúró ní Miami?