Ìfẹ́sọ́nà, Ogún àti Ojúṣe Bàbá nínú Pride and Prejudice

Ọdún 1813 ni Jane Austen gbé ìtàn àròsọ yìí jáde láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. £110 ló gbà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ atẹ̀wétà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń rántí jù níbẹ̀ ni bí Elizabeth Bennet àti Darcy, tí ọ̀rọ̀ wọn kò kọ́kọ́ wọ̀ rárá, ṣe di tọkọtaya. Èrò tiwa ni pé bí a bá kà á bí ìtàn ìfẹ́ nìkan, a ó fo ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bennet, bàbá Elizabeth, ni ẹni náà.

Ọmọbìnrin márùn-ún ló bí, kò bí ọkùnrin. Ilẹ̀ rẹ̀ ní Longbourn ń mú £2,000 wọlé lọ́dún, ṣùgbọ́n àdéhùn ogún ti so ilẹ̀ náà mọ́ ọkùnrin nìkan. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, ọwọ́ àlùfáà Collins, ìbátan wọn, ni ilé àti ilẹ̀ ń lọ. £5,000 péré ni ìyá àti àwọn ọmọ yóò pín láàárín ara wọn. Nígbà náà, ohun ìní aya fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkọ tán lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ó di 1870 àti 1882 kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Abájọ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé £10,000 ń wọlé fún Darcy lọ́dún kí wọ́n tó mọ ìwà rẹ̀.

Ìyáàfin Bennet ni àwọn òǹkàwé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọkọ tó ń wá kiri fún àwọn ọmọ. Ariwo rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ó sì máa ń ba ohun tó ń wá jẹ́. Síbẹ̀, òun ló ń pariwo ọjọ́ tí bàbá bá kú. Ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó dá a lójú pé òun yóò bí ọkùnrin tí yóò dàgbà, tí yóò sì bá òun tú àdéhùn ogún náà. Nígbà tí ìrètí yẹn pin, ó ní ó ti pẹ́ jù láti máa fowó pamọ́. Ó wá sá sínú yàrá ìwé, ó ń fi ìyàwó ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ọmọ.

Collins ní òun fẹ́ fi Elizabeth ṣe aya, ṣùgbọ́n Elizabeth kọ̀ ọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Charlotte Lucas, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni ọdún 27 tí kò lówó, tí kò sì lẹ́wà, gbà á. Inú Elizabeth bàjẹ́. Èmi kò rò pé Austen dá Charlotte lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀: ó fi hàn wá bó ṣe yan yàrá tí ọkọ kò ní fẹ́ máa jókòó sí, tó sì ń gbà á níyànjú kó lọ máa ro ọgbà. Austen fúnra rẹ̀ gbà láti fẹ́ Harris Bigg-Wither ní 1802, ó sì kọ̀ ọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò lọ́kọ títí ó fi kú.

Ibi tí ẹ̀bi bàbá ti hàn kedere ni ọ̀rọ̀ Lydia. Elizabeth bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí àbúrò òun lọ sí Brighton, níbi tí àwọn sọ́jà pàgọ́ sí. Bàbá ní kò ní sí àlàáfíà nílé bí kò bá lọ. Lydia lọ, ó bá Wickham, ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà náà, sá. Àwọn ará ilé rò pé Gretna Green ní Scotland ni wọ́n gbà lọ, nítorí òfin ìgbéyàwó ọdún 1753, tó fún òbí lágbára lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21, kò dé ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, láìgbéyàwó, ìtìjú náà sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ mọ́ àwọn mẹ́rin yòókù.

Àwọn mìíràn ló ṣe iṣẹ́ bàbá. Ọ̀gbẹ́ni Gardiner, arákùnrin ìyá wọn tó ń ṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù, ló dúró bí òbí. Darcy ló san gbèsè Wickham, tó ju £1,000 lọ, ó fi £1,000 mìíràn lé ti Lydia, ó sì ra ipò nínú ológun fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bennet gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀dùn náà kò ní pẹ́ lára òun. Nígbà tó wá gbọ́ pé àfẹ́sọ́nà Elizabeth ló náwó, ara tù ú: ká ní Gardiner ni, òun ìbá san án padà.